Gbọ́njúbọ́lá, Ìyàwó Wa Tí Ń Ka Ìwé Ẹ̀rù

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó ya ojo jù ní gbogbo Lágelú láyé ìgbà náà, ẹ má wá a jìnnà, àbúrò mi Elijah ti fẹ́ ẹ. Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù àrá, ó ń bẹ̀rù màlúù, ó ń bẹ̀rù tòlótòló Mùnírù tó múlé tì wá. Bí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bá já lulẹ̀ lẹ́yìn ilé, á pariwo "Jésù!", á sì di mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù. Èmi ni mo sábà máa ń sún mọ́ ọn jù, nítorí náà mo mọ bí èékánná rẹ̀ ṣe ń wọni lára.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Dorothy ni wọ́n sọ mí nígbà ìsàmì, ṣùgbọ́n Ìyá Olúyínká ni gbogbo abà Láníyan ń pè mí. Ìgbà tí ọkọ mi kú ní Ìbàdàn ni mo kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi, ní abà wa tó wà nínú oko lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ mọ bí obìnrin tó padà sílé bàbá rẹ̀ ṣe máa ń rí lójú àwọn ìyàwó ilé. Ẹnu mi sì mú bí abẹ, n kò ní purọ́. Bí Gbọ́njúbọ́lá bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ti kúnlẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ẹ̀rù.

Ohun tí kò yé mi nípa rẹ̀ ni pé, obìnrin tó ń sá fún tòlótòló yìí, kò sí ìwé tó wù ú kà bí ìwé tó ń bani lẹ́rù. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó ń lọ ní Ìyànà Ọ̀fà ló ti kọ́ ìwé, ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn. Kí wọ́n lè máa ka orin ìjọ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, àmọ́ ìtàn iwin àti òkú ni tirẹ̀. Òun nìkan ló mọ ìwé láàárín àwa obìnrin abà nígbà náà. Èmi kò tíì kọ́ tèmi.

Kì í sáré kàwé. Ó máa ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ, á pè é ní wẹ́wẹ́, á wá padà pè é pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré kàwé, ẹ kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Bí òkú bá fẹ́ dìde nínú ìwé Gbọ́njúbọ́lá, ó máa ń pẹ́ kó tó dìde. Ọwọ́ á kọ́kọ́ yọ. A ó dúró. Ìka á yọ. A ó tún dúró. Kí òkú náà tó jókòó tán, ìtọ́ ti gbẹ lẹ́nu gbogbo wa, ẹni tó ń ka ìwé náà gan-an sì ti ń gbọ̀n ju gbogbo wa lọ.

Ọdún kejì tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọmọ abà ti lọ sílé-ẹ̀kọ́, Josiah ọmọ Gbọ́njúbọ́lá náà wà lára wọn. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa rọ̀, abà á dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọkùnrin á ti lọ sóko, àwa obìnrin á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, a ó máa pa ẹ̀kùrọ́. Ìró òkúta wa nìkan ni èèyàn ń gbọ́, pẹ̀lú ohùn Gbọ́njúbọ́lá tó ń kàwé.

Ọlọ́runyọmí, àbíkẹ́yìn ilé wa, ló mú ìwé náà wá láti Ìbàdàn, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń la pákó. Gbọ́njúbọ́lá kì í pe orúkọ rẹ̀, torí ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ. "Akọ̀wé mi" ló ń pè é. Akọ̀wé rẹ̀ yìí mọ irú ìwé tó wù ú. Àkọlé ìwé náà ni *Asínnijẹ Inú Ẹ̀gàn*. Wọ́n ya àwòrán sí iwájú rẹ̀, ẹnu lásán ni, ẹnu tó là sílẹ̀, kò sí ojú, kò sí imú. Gbọ́njúbọ́lá fi aṣọ bò ó kó tó lè gbé e dání.

Ìtàn inú rẹ̀ rèé ní ṣókí. Nǹkan kan ń gbé inú ẹ̀gàn, igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko sí. Kò ní ìrísí, kò sì ní ohùn tirẹ̀. Ohùn olóhùn ló ń gbà. Ọ̀sán gangan ló máa ń jáde, nígbà tí oòrùn bá wà láàárín orí tí àwọn ẹyẹ bá dákẹ́. Á fara pamọ́ sínú igbó, á fi ohùn ẹni tí o fẹ́ràn pè ọ́. Bí o bá dáhùn, ó ti gba ohùn rẹ nìyẹn. Wàá délé, wàá la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa jáde. Lọ́jọ́ kejì, ohùn tìrẹ ni yóò fi pe àwọn ará ilé rẹ.

Ọjọ́ tí Gbọ́njúbọ́lá ka ibi tó le jù nínú ìwé náà, mo rántí pé Ìyá Àgbà, tí wọ́n dàgbà jù nínú wa, wà níbẹ̀, Rùkáyátù ìyàwó Mùnírù wà níbẹ̀, Elijah pàápàá kò lọ sóko. Ó jókòó sẹ́yìn wa, ó ń lọ́ igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó ń ṣe bí ẹni tí kò fetí sílẹ̀. Nínú ìwé náà, ìyàwó àgbẹ̀ kan wà nílé lọ́sàn-án, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú igbó: "Ìyá ọmọ mi, wá bá mi gbé ẹrù rù." Obìnrin náà fẹ́ dáhùn, ó rí i pé ẹyẹ kankan kò ké. Ó pa ẹnu mọ́. Ohùn náà tún pè. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di etí. Ohùn ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹrù náà wúwo, pé ọrùn ń dun òun, títí oòrùn fi rọ̀, tó fi dákẹ́.

Nígbà tí Gbọ́njúbọ́lá kà á dé ibẹ̀, kò sí òkúta kankan tó ń dún mọ́ lábẹ́ àtíbàbà. Rùkáyátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bisimilláhì ni obìnrin yẹn ì bá pè," ó ní. "Àlùjànnú wo ló máa gbọ́ Bisimilláhì tí kò ní sá? Ẹni tó kọ ìwé yìí ò mọ àdúà kankan ni."

Ìyá Àgbà mi orí. "Ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa láti kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ilé ire ni wọ́n ti bí i."

"Irọ́ ni gbogbo rẹ̀," ni mo wí. "Bí gbogbo ẹni tó bá pàdé Asínnijẹ bá ń ya odi, ta ló wá sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ìwé?"

Gbọ́njúbọ́lá gbé ojú sókè díẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Odi náà lè kọ̀wé."

Rùkáyátù bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu nítorí mi. Inú bí mi, mo wá ibòmíràn gbà. Mo ní, "Ó dáa. Bó bá wá jẹ́ ọkọ rẹ̀ ni lóòótọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹrù ló wúwo fún ọmọ ọlọ́mọ, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

"Ẹni tí ẹrù bá wúwo fún á sọ ọ́ kalẹ̀, Ìyá mi. Obìnrin yẹn gbọ́n. Bó bá jẹ́ èmi ni, n ò ní dáhùn."

Elijah rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. "Ìyẹn ni pé bí mo bá pè ọ́ lóko, o ò ní jẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ojú yín."

"Èmi náà ò ní jẹ́ ọ títí n ó fi rí tìẹ," ló wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àpótí tó fi jókòó kúrò níbi tó ti kẹ́yìn sí igbó.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ abà wa. Àwa tí a gbọ́ ìtàn náà sọ ọ́ fún àwọn tí kò gbọ́, ẹnu tó sì sọ ọ́ kẹ́yìn ló sọ ọ́ burú jù. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ ìpè mọ́. Bí o bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, o ní láti rìn dé iwájú rẹ̀ kó rí ọ. Ọjọ́ kan Mùnírù ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé, omi tán nígbà tí ọṣẹ bo ojú rẹ̀, ó pe Rùkáyátù títí ohùn fi há. Rùkáyátù wà nínú yàrá, ó ń ka àdúà, ó gbọ́ ohun gbogbo. Ìgbà tí Mùnírù ró aṣọ wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ìyàwó rẹ̀ ní òun ṣì ń wò ó bóyá ọkọ òun ló ń pè.

Ẹ má rò pé èmi tí mo ní irọ́ ni bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀kùrọ́ lẹ́yìn àká, mo gbọ́ tí ẹnì kan pe "Dorothy" láti inú igbó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò pariwo, ó kàn pè é jẹ́jẹ́. Ọkọ mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú. N kò dáhùn, n kò wo ẹ̀yìn, mo fi ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní n kò mọ ẹni tó pè mí, n kò sì fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, Elijah ní òun ń lọ roko lábẹ́ kòkó tó wà ní òdìkejì odò. Gbọ́njúbọ́lá ru pákí tẹ̀lé e, ó fẹ́ rẹ ẹ́ sódò láti fi ṣe láfún. Etí odò ni wọ́n ti pínyà. Ohun tí Gbọ́njúbọ́lá kò mọ̀ ni pé, nígbà tí Elijah dé ìdí kòkó, ó rántí ọ̀pẹ kan tí ẹyìn rẹ̀ ti pọ́n nínú oko bàbá wa àtijọ́, èyí tí a ti fi sílẹ̀ kó di igbó. Ó gba ọ̀nà mìíràn yí padà sọ́hùn-ún, ó fi igbà kọ́ ọ̀pẹ náà, ó gùn ún.

Oòrùn ti dé àárín orí. Gbọ́njúbọ́lá wà nínú omi dé orúnkún, ó ń to pákí sínú ìkòkò, nígbà tó gbọ́ ọ.

"Gbọ́njú!"

Ohùn Elijah ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òdìkejì odò ló ti wá, láti inú igbó oko àtijọ́ ni. Elijah kì í sì pe ìyàwó rẹ̀ ní Gbọ́njú lójú ọ̀nà. Ìyá Josiah ló ń pè é níwájú èèyàn. Inú yàrá nìkan ló ti ń pè é ní Gbọ́njú, láti ìgbà tí wọn kò tíì bí Josiah. Ta ló wá gbọ́ ọ nínú yàrá? Obìnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi odò tutù wọ òun lára bí ẹni pé òun rì sínú rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ ẹyẹ kankan.

"Gbọ́njú, jọ̀ọ́. Wá gbé mi."

Ó ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ kí ohùn má bàa jáde. Ohùn náà tún pè é, ó ti ń rẹlẹ̀. Ó jáde nínú odò, ó fi pákí sílẹ̀, ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bó ṣe já sábẹ́ àtíbàbà, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo rò pé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀. Rùkáyátù ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ọlọ́run ní kíkankíkan.

"Ó pè mí," ni Gbọ́njúbọ́lá wí nígbà tó yá. "Ohùn Bàbá Josiah ló fi pè mí. N ò dáhùn. Ìyá mi, n ò dáhùn."

"Elijah dà?" ni mo bi í.

"Wọ́n wà nídìí kòkó."

"O rí i níbẹ̀?"

Ó bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà na ọwọ́, wọ́n di èjìká rẹ̀ mú. "Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran," ni wọ́n wí. "Nu ojú rẹ, kí o ronú."

Rùkáyátù ló kọ́kọ́ ronú. Ó dákẹ́ àdúà rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá Josiah, ṣé ẹ rántí bó ṣe wà nínú ìwé yẹn? Kì í lo ohùn ẹni tí kò tíì jẹ́ ẹ. Ohùn tó bá ti gbà ló ń lò. Bó bá jẹ́ ohùn Bàbá Josiah ló fi pè yín…" Kò parí rẹ̀.

Gbogbo wa gbọ́ ìyókù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ Elijah ló pè é, Elijah wà nínú ìyọnu. Bó bá jẹ́ Asínnijẹ ló pè é, Asínnijẹ ti mú Elijah. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ka ìwé yẹn tí àbúrò mi fi lè wà lálàáfíà nídìí kòkó.

Ẹkún Gbọ́njúbọ́lá dáwọ́ dúró. Mo ní kó dúró kí a wá àwọn ọkùnrin. Kò wò mí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó so ó le, ó yí padà sí ojú ọ̀nà odò. Ó kọjá níwájú tòlótòló Mùnírù, tòlótòló náà na ọrùn sí i, Gbọ́njúbọ́lá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ní kí Rùkáyátù sáré lọ pe ọkọ rẹ̀ lóko, mo tẹ̀ lé ìyàwó wa. N kò ní ṣe akin fún yín. Ẹsẹ̀ mi ń lọ́ra, mo sì jẹ́ kó máa lọ níwájú.

Etí igbó oko àtijọ́ ló dúró sí. Igbó náà dí, èèyàn kò lè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé gèlè rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú ọkàn rẹ̀ tó ti gbà pé irọ́ ni ìwé yẹn. Ó gbà dájú pé bí òun bá la ẹnu, ìgbà ìkẹyìn tí òun yóò sọ̀rọ̀ láyé nìyẹn.

Ó la ẹnu. "Mo gbọ́ ò! Bàbá Josiah, mo ti jẹ́ yín ò! Mo ń bọ̀!"

Igbó dákẹ́.

Ó tún pariwo rẹ̀. Igbó tún dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ti ibi tí kò sí èèyàn. Ó wọ inú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ la igbó, ó ń pè. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí ìgbà tí ohùn rẹ̀ máa dá.

Ohun tí àwa méjèèjì kò mọ̀ ni pé Elijah wà nítòsí, ó sì ń gbọ́ wa. Igbà rẹ̀ ti já lórí ọ̀pẹ, ó ti ṣubú, itan rẹ̀ ti kán sí abẹ́ rẹ̀. Ó ti pe ìyàwó rẹ̀ títí, kò rí ẹni dáhùn. Ní báyìí tí ó ti sọ ìrètí nù, ohùn ìyàwó rẹ̀ ń dún káàkiri inú igbó, kò rí ojú rẹ̀, kò sì sí ẹyẹ tó ń ké. Òun náà ti jókòó sẹ́yìn wa lọ́jọ́ ìwé kíkà. Ẹ̀rù bà á. Ó kó ewé gbígbẹ sẹ́nu kó má bàa kérora, ó dùbúlẹ̀ nínú ìrora rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń pè é kọjá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya wà nínú igbó kan náà, wọ́n ń bẹ̀rù ohùn ara wọn.

A wá a títí, ohùn Gbọ́njúbọ́lá ti há, ó ti ń ya. Mo ní kí a padà. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà ní ìjọ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ tí o wà níbẹ̀," ló wí, "mo ti dá ọ lóhùn. Gba ohùn mi. Gbà á pátápátá, mú un lọ, n ò ní bèèrè rẹ̀ mọ́. Dá ọkọ mi padà fún mi. Bó bá jẹ́ odi lo ti sọ wọ́n, mo fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, gbà á, kí o fún mi ní ọkọ mi."

Nígbà náà la gbọ́ ẹkún ọkùnrin lẹ́yìn wa, níbi tí a ti kọjá. "Gbọ́njú," ni Elijah wí, ewé ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi nìyí. Èmi ni." Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí Asínnijẹ kan láyé tó máa fi ohùn tọrẹ.

Mùnírù àtàwọn ọkùnrin yòókù gbé e sórí ilẹ̀kùn wá sí títì, lọ́rì tó ń kó kòkó gbé wa dé Olódò, sí ilé bàbá kan tó ń to eegun. Kí a tó dé ibẹ̀, ohùn Gbọ́njúbọ́lá ti lọ tán. Ó la ẹnu kí ó kí bàbá náà, kò sí nǹkan tó jáde. Ariwo tó pa nínú igbó ni, èmi tí mo gbọ́ ariwo náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Wọ́n fún wa ní yàrá kan nílé bàbá náà. Elijah wà lórí ẹní, wọ́n fi igi di itan rẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń fi ọwọ́ júwe ohun tó bá fẹ́ rà fún àwọn tó ń tajà, wọ́n sì ń ṣàánú rẹ̀ pé odi arẹwà. Mo ra oyin fún un, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Mo wá orógbó fún un pé kó jẹ ẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ lè là. Ó gbà á, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ bí ọmọdé, ó sì lọ sọ ọ́ nù sẹ́yìn ilé. Ìgbà tí mo rí orógbó náà nínú koríko ló wá yé mi. Kò fẹ́ kí ohùn náà padà. Ó ti fi san nǹkan, ó sì ti gba nǹkan tó rà. Èmi tí mo ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo ń jí lójú oorun, mo ń wo ọ̀fun obìnrin náà bó ṣe ń sùn, jìnnìjìnnì á bò mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, aṣọ tó fi dì í mú yọ̀, iná jó o lọ́wọ́. "Yéè!" ló ké, ó mọ́ gaara bí agogo. Ìkòkò fọ́. Kò wo ọwọ́ rẹ̀, kò wo ẹ̀kọ tó dà nù. Ó sáré wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà.

Elijah wà láàyè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná. Láti àná ni itan rẹ̀ ti ń wú, bàbá tó ń to eegun sì ti ń mi orí. Gbọ́njúbọ́lá gbé ojú sókè sí mi. N kò tíì rí irú ojú yẹn rí. Ó fi ọwọ́ tó jóná bo ẹnu ara rẹ̀, ó ń mi orí sí mi, ó ń bẹ̀ mí láìsọ̀rọ̀ pé kí n má sọ pé mo gbọ́. Wọ́n ti dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Lójú tirẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá gba ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ náà ni ibà ń mú Elijah sí i. Gbọ́njúbọ́lá ń fi aṣọ tútù nù ún lára, ó fi eyín di ètè mú. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, Elijah la ojú, ojú náà kò ríran dáadáa, ó ń wá a kiri yàrá.

"Gbọ́njú," ló wí.

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò dáhùn.

"Gbọ́njú, mo rí ọ lódò. Mo wà nílẹ̀, mò ń rí ọ láàárín igi. Mo pè ọ́, o sá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé o tún ti sá ni?"

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Gbọ́njúbọ́lá, dá ọkọ rẹ lóhùn!" Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó ti ọkọ rẹ̀ sínú kànga. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àní ju bó ṣe gbọ̀n létí igbó lọ, nítorí lọ́jọ́ tó dúró létí igbó, ohùn tirẹ̀ nìkan ló lè sọ nù, ṣùgbọ́n báyìí, ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ni. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé. Ó nà lé ọkọ rẹ̀ lórí, ó fi ara rẹ̀ bò ó kí ohunkóhun tó bá ń bọ̀ wá kọ́kọ́ bá òun.

"Èmi nìyí," ló wí sí i létí. "Mo gbọ́, ọkọ mi. Mo wà níbí."

A ń wo àyà Elijah. Ó gbé sókè, ó dúró díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gbé sókè. Elijah yí ojú rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ní kó tún un sọ.